Nọ́ńbà Yàrá Mi

Ọjọ́rú, agogo mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀.

Mo ti wà nínú yàrá mi ní òtẹ́ẹ̀lì. Mo ti ti ilẹ̀kùn, mo ti fi ìkọ́ rẹ̀ há a, mo sì ti ki rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí bọ abẹ́ rẹ̀. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni. Ọkàn mi ò tíì kúrò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí mo dé, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ.

Nígbà tí mo dúró níwájú ọmọbìnrin tó ń gbàlejò, èèyàn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn mi. Ọkùnrin kan nínú wọn ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá èmi nìkan ni mo wá. Mo kàn rẹ́rìn-ín sí i, mi ò dáhùn. Ọmọbìnrin náà wo ìwé mi, ó mú káàdì yàrá, ó sì fi ohùn tí gbogbo wa gbọ́ ketekete sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o, mà. Yàrá 214 ni tiyín, àjà kejì, ẹ yà sọ́wọ́ òsì." Kò ní ohun búburú kankan lọ́kàn. Àmọ́ kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó fẹ́ mọ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ ti mọ ilẹ̀kùn tí màá sùn sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kì í ṣe tuntun sí mi: kí n dá káàdì yẹn padà, kí n ní kí wọ́n fún mi ní yàrá mìíràn, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé. Síbẹ̀ mo gba káàdì, mo dúpẹ́, mo fa báàgì mi dé ìdí àtẹ̀gùn. Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn rò pé mo fẹ́ yọ òun lẹ́nu. Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn mọ̀ pé mo ń fura sí òun. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tó ṣeé ṣe kí n má rí mọ́ láéláé, ohun tó máa rò nípa mi ni mo ń gbé rù kiri. Láti kékeré la ti kọ́ wa pé ká máa rẹ́rìn-ín, ká má já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wá níbi, ojú tó ń tì wá yẹn gan-an ló máa ń bá wọlé.

Mo dúró sí ìdí àtẹ̀gùn, mo ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú báàgì, títí àwọn tó kù fi gba káàdì tiwọn tí wọ́n sì lọ. Mo wá padà. Ohùn mi ń gbọ̀n díẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ yàrá yìí. Ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ sókè, gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ." Mo rò pé yóò bínú. Ńṣe ló fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò tiẹ̀ rò ó." Ó kọ nọ́ńbà tuntun sórí ìwé kékeré kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó rọra tì í sọ́dọ̀ mi. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Nígbà tí mo dé yàrá, mi ò tíì pa ilẹ̀kùn dé. Báàgì ni mo fi dá a dúró ní ṣíṣí, tí mo fi wo ilé ìwẹ̀, ẹ̀yìn kọ́tìnnì àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ni mo ka ilẹ̀kùn tó wà láàárín tèmi àti àtẹ̀gùn pàjáwìrì: mẹ́rin. Bí iná mànàmáná bá lọ tàbí tí èéfín bá bo ojú, ọwọ́ mi á mọ̀ ọ́n. Rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn yìí, ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú nìkan ló wúlò fún. Mo ti gbé e lọ síbi tí kò ti ṣe mí láǹfààní rí, látìgbà náà ni mo ti ń kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí.

Àbúrò mi ò fẹ́ kí n dá rìnrìn àjò yìí rárá. "Ṣé ẹ ò lè mú ẹnì kan dání ni?" Èrò nípa Nellie Bly, obìnrin akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan láyé àtijọ́, ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ti sọ fún un pé obìnrin ò lè dá yí ayé po, pé ó nílò ẹni tó máa dáàbò bò ó, pé ẹrù rẹ̀ á sì pọ̀ jù. Báàgì kékeré kan ló gbé ní November 14, 1889, ó sì padà dé ní January 25, 1890, lẹ́yìn ọjọ́ 72. Mo sọ fún àbúrò mi pé kò ní mọ̀ ọ́n lára bí ó bá ń rí ibi tí mo wà. WhatsApp ni mo fi ń fi hàn án, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ ló pọ̀ jù tó lè fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà a ti jọ sọ ọ́ pé bó bá dáwọ́ dúró, kó má tíì sunkún, kó pè mí. Nígbà tí takisí tí mo pè dé, mo wo nọ́ńbà ọkọ̀ kí n tó wọlé, mo sì bi awakọ̀ pé, "Ta lẹ wá gbé?" Òun ló gbọ́dọ̀ dárúkọ mi, kì í ṣe èmi ni màá sọ fún un. Nọ́ńbà pàjáwìrì ibí yìí wà lẹ́yìn fóònù mi lórí ìwé. 112 ní Yúróòpù, 911 ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ẹnì kan kanlẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Táwẹ́ẹ̀lì ni mo gbé wá, mà."

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé táwẹ́ẹ̀lì wá. Mo ní, "Ẹ dúró ná," mo sì fi fóònù yàrá pe ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni, ọmọbìnrin yẹn ló ní kí wọ́n fi kún tèmi, bóyá nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi fi sílẹ̀ síta." Ó ní, "Ó dàa, mà, ó dàárọ̀." Kò bínú, kò tún kàn án. Mo dúró títí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ fi lọ tán, mo tún ka ọgbọ̀n, kí n tó yọ rọ́bà. Táwẹ́ẹ̀lì méjì funfun, wọ́n ṣì gbóná. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ò tì mí.

Àbúrò mi ti mọ̀ pé yàrá ti yí padà. Mo ti ya ìwé kékeré yẹn sí wẹ́wẹ́. Bàtà mi wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà lórí iná. Mo fẹ́ pa gílóòbù báyìí.