Sí Ẹ̀yin Ọmọṣẹ́ Mi Tí Ẹ Fẹ́ Gba Fírídọ̀mù: Ẹ Má Wọn Alternator Nínú Ṣọ́ọ̀bù Nìkan

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ mi, ọ̀kún o. Ní ìparí oṣù yìí ẹ máa gba fírídọ̀mù yín, inú mi sì dùn sí i. Mi ò ní tún sọ bí a ṣe ń wá wáyà tó já tàbí bí a ṣe ń tú sítátà. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó mú mi kọ èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi mítà sórí bátìrì ọkọ̀ tókunbọ̀ kan tó ní bátìrì méjì, ti iwájú fún ẹ́ńjìnnì, ti ẹ̀yìn fún àwọn nǹkan mìíràn, ó rí 14.4 fóltì, ó bá sọ fún oníbàárà pé, "Alternator yín dáa, sà. Bátìrì ẹ̀yìn ló ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ba òògùn aláìsàn jẹ́ lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ irú alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí tó ń gbé iná wọ bátìrì, tó wà lára ọkọ̀ kí ẹ tó lanu. Ti àtijọ́, bí ẹ bá ti sitáàtì ọkọ̀, 13.8 sí 14.4 fóltì ló máa gbé jáde títí ẹ ó fi pa á. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún òfin èéfín Euro 6 ní Yúróòpù, láti nǹkan bí ọdún 2014 wá, ọ̀pọ̀ wọn kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ló ń pàṣẹ fún alternator wọn. Tó bá ti rí i pé bátìrì iwájú ti yó, á ní kí alternator dẹwọ́ kí epo má baà lọ púpọ̀. Fóltì á wálẹ̀ sí 12.5, nígbà míì sí 12.2. Ìgbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ni á tó sáré gbé e sókè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15.

Ìkejì, ẹ má fọkàn tán ríléè tó ń wo fóltì, ìyẹn súwíìṣì tó ń so bátìrì iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, bí fóltì bá dé 13.3 ni wọ́n ń so bátìrì méjèèjì pọ̀, bó bá sì ti wálẹ̀ sí 12.8, wọ́n á já a, ti ẹ̀yìn ò sì ní rí iná gbà mọ́.

Ìkẹta, wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìjọ kan ládùúgbò wa yìí ra kárávàn tókunbọ̀, irú ilé kékeré tí àwọn òyìnbó máa ń fi ọkọ̀ wọ́ lọ síbi ìgbafẹ́. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ dànù, wọ́n gbé tábìlì dókítà sí i, wọ́n sì fi fíríìjì kékeré tó ń lo 12 fóltì síbẹ̀ fún ínsúlínì àti òògùn ojú. Ọkọ̀ pick-up ló ń wọ́ ọ. Láti Kàbbà, wọ́n á gba Ayétòrò, wọ́n á gba Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n á máa yà sí àwọn abúlé. Iṣẹ́ àánú ni. Bátìrì kárávàn yẹn ni kì í bá wọn dálẹ́.

Ríwáyà àgbà kan ló ń bá wọn ṣe é. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fi ríléè so bátìrì iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, ó sitáàtì ọkọ̀, ó wọ̀n ọ́n, 14.4, ó gbowó. Nígbà tí bátìrì dákú, ó ní ayédèrú ni, wọ́n ra tuntun. Ìyẹn náà kú. Owó tí àwọn ìyá tó ń ta iṣu dá ni wọ́n ń ná.

Alàgbà tó ń bójú tó ọkọ̀ náà bá gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní kí a gun títì. Mo fa wáyà gígùn láti orí bátìrì méjèèjì, mo jókòó ti awakọ̀ pẹ̀lú mítà méjì lórí itan mi, a kọrí sí Ayétòrò. Bí a ṣe ń jáde nílùú, ti iwájú ń sọ 14.4, nítorí sítátà ṣẹ̀ṣẹ̀ fa iná lára bátìrì ni. Kò pẹ́, ó di 13.1, ó di 12.4, ó dúró síbẹ̀. Ti kárávàn wà ní 12.1, fíríìjì sì ń fà á lọ. A dé ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ gbẹ́sẹ̀, ti iwájú fò sí 14.9, ti ẹ̀yìn gbéra díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, méjèèjì padà síbi tí wọ́n wà. Mo ní, "Ẹ wò ó, Alàgbà. Alternator yìí ò ṣàìsàn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣájà DC-DC lẹ nílò, èyí tó ń gba iná lára bátìrì iwájú, tó ń gbé fóltì rẹ̀ sókè kí ti ẹ̀yìn lè yó."

Àgbà yẹn gbọ́, ó ní ọmọ àná ni mí, pé orí fóònù ni mo ti kọ́ṣẹ́, pé mo fẹ́ jẹ owó Ọlọ́run. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n tún ra bátìrì.

Ó sì dà bíi pé òótọ́ ló ń sọ, nítorí àwọn bátìrì yẹn kú lóòótọ́. Bátìrì olómi tí kì í yó, iyọ̀ funfun á dì mọ́ àwọn pléètì inú rẹ̀, kò ní lè gba iná mọ́. Àìyó ló ń pa wọ́n, òun wá ń fi òkú wọn ṣe ẹ̀rí. Ẹ ro ìyẹn dáadáa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà yóò ṣe máa dá ara yín láre.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n lọ sọ́nà Ẹ̀gbẹ̀. Fíríìjì kú lóru. Ínsúlínì tí wọn ò tíì ṣí, dígírì 2 sí 8 lórí Celsius ni ìgbóná rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, 29 ló bá. Ó kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ìyá kan ti gun ọ̀kadà wá láti oko nítorí tirẹ̀, ọwọ́ òfìfo ló fi padà. Nọ́ọ̀sì yẹn ló sọ ọ́ fún mi, ó ń dùn mí dòní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wá ní kí n bá wọn ra ṣájà ní Alábà. Kò sí ẹni tó sọ pé ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí wáyà. Wáyà 2.5 mm² tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 lálọ, 20 lábọ̀, bí 20 ámpù bá ń gbà á kọjá, fóltì tó máa nù sójú ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2. Lo 16 mm². Ṣájà 30 ámpù tó ń gbé 12.4 sókè sí 14.4 máa fa nǹkan bí 40 lọ́dọ̀ iwájú, ihò píláàgì kékeré tó bá kárávàn wá kò lè gbé e. Ẹ fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì méjèèjì. Ẹ fún ṣájà ní wáyà ignition, kó lè dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì bá kú, torí fóltì nìkan kò lè sọ fún un. Bí sensor tó ń ka iye iná bá sì wà lórí nẹ́gétíìfù bátìrì iwájú, ara ṣásí, irin ara ọkọ̀, ni kí ẹ so wáyà ilẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá so ó mọ́ orí bátìrì tààrà, brain box ò ní mọ iye iná tó ń jáde.

Kí ẹ tó gba ìyókù owó yín, ẹ ní kí olówó wá jókòó tì yín nínú ọkọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ di mítà mú. Bí Kàbbà lẹ bá wà, ẹ wa ọkọ̀ náà dé Ayétòrò.