Máàkì tí kì í parẹ́: AP àti dual credit fún ọmọ wa ní Texas

Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì ni ọ̀pọ̀ iléèwé girama ní agbègbè Houston máa ń ní kí ọmọ Grade 10 yan ẹ̀kọ́ tó máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ á gbé fọ́ọ̀mù wálé. English wà níbẹ̀ lọ́nà mẹ́ta: èyí tí gbogbo ọmọ ń ṣe, AP (Advanced Placement, ẹ̀kọ́ tó ga tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń kọ́ ní girama), àti dual credit tí í ṣe ti community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti àdúgbò, tí kọ́ọ̀sì kan ń kà fún girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì pọ̀. Òbí tó ṣe WAEC tó tún ṣe JAMB á wò ó fìrí, á ní, "Èwo ló le jù níbẹ̀? Òun ni kó o mú." Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì le. Ohun tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: bí ọmọ yìí bá gba C, ta ni yóò rí C náà, ọdún mélòó ni wọn ó sì fi máa rí i?

Ẹni tó bá mọ WAEC ti mọ AP dé ìdajì. Ọmọ á kẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù kẹjọ, á wá ṣe ìdánwò kan ṣoṣo ní oṣù karùn-ún. Àjọ kan tó ń jẹ́ College Board ló ń ṣe ìdánwò náà, tíṣà ọmọ kò lọ́wọ́ sí i. Èsì rẹ̀ ń bẹ láti 1 dé 5, oṣù keje ló máa ń jáde. Ẹ mú Biology wò: objective 60 fún ìṣẹ́jú 90, theory mẹ́fà fún ìṣẹ́jú 90 mìíràn, ìdajì máàkì sì ni apá kọ̀ọ̀kan. Nínú theory mẹ́fà yẹn, méjì gùn, mẹ́rin kúrú. Àwọn gígùn yìí ló máa ń gbé ọmọ tó ń há ìwé sórí ṣubú. Wọ́n á kó èsì àyẹ̀wò kan síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó ya gíráàfù rẹ̀, kó ṣàlàyé rẹ̀, kó sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Kò sí àlàyé yẹn nínú ìwé kankan tó lè há.

Máàkì méjì ni AP ń bí. Èyí tí tíṣà fún un ní kíláàsì á wọ transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì, iléèwé girama. Èsì ìdánwò ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ College Board títí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò fi ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Ọmọ lè gba A ní kíláàsì kó tún gba 2 nínú ìdánwò. Kò ní rí krẹ́díìtì gbà, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí yunifásítì á kà fún un pé ó ti ṣe, àmọ́ 2 yẹn kò ní tẹ̀ lé e lọ síbì kankan. Dọ́là 99 ni owó ìdánwò kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2025. Oṣù kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Ẹni tó bá pẹ́ á fi dọ́là 40 kún un. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fi èsì ránṣẹ́ sí iléèwé kan lọ́fẹ̀ẹ́, kó tó kọjá ogúnjọ́ oṣù kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ni.

Ti dual credit yàtọ̀. Ọmọ á wà ní girama, á tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ community college lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè jẹ́ pé inú iléèwé girama náà ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ní láti lọ sí ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí ta ni yóò máa gbé e lọ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀? Láti wọlé, ọmọ á ṣe ìdánwò TSIA2: 950 fún ìṣirò, 945 fún English, pẹ̀lú 5 nínú àròkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá ti gba 530 nínú ìṣirò SAT (ìdánwò ìwọlé yunifásítì) àti 480 nínú English rẹ̀ kò nílò rẹ̀ mọ́.

Nọ́ńbà tó wà lára kọ́ọ̀sì ní ìtumọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ìpele, èkejì ń sọ iye krẹ́díìtì. ENGL 1301 jẹ́ ti ọdún kìíní, krẹ́díìtì mẹ́ta. MATH 2413, ìyẹn Calculus, jẹ́ ti ọdún kejì, krẹ́díìtì mẹ́rin. Nọ́ńbà yìí kan náà ni àwọn community college ń lò káàkiri Texas, òun ló jẹ́ kó rọrùn láti gbé krẹ́díìtì láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ìpínlẹ̀ náà.

Ní ti owó, láti ọdún 2023 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní FAST ti wà. Ọmọ tó bá yẹ fún oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tàbí ti ẹ̀dínwó níléèwé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, kò ní san owó dual credit ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá wà nínú ètò náà. Àwọn kan lára wa kì í fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù oúnjẹ yẹn torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní tálákà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ C. Máàkì dual credit wà lórí transcript kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í sì í kúrò níbẹ̀. Ilé òbí Yorùbá tí wọn ò ti fẹ́ kí ọmọ ṣe dókítà tàbí lọ́yà kò pọ̀, àwọn òbí wọ̀nyí gan-an ló sì yẹ kó fetí sílẹ̀. AMCAS tó ń gba fọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ iléèwé ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ní dandan ni kí ọmọ kọ gbogbo kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ṣe rí, títí kan èyí tó ṣe ní girama, wọ́n á sì ṣírò rẹ̀ mọ́ GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, níbi tí A ti jẹ́ 4.0, tí C jẹ́ 2.0. Bẹ́ẹ̀ náà ni LSAC, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù iléèwé òfin, ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ ṣe lọ́yà. AP kò ní máàkì tí wọ́n lè ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 gba C nínú BIOL 1406 àti C nínú MATH 1314. Krẹ́díìtì méje nìyẹn, ní 2.0. Ó wọ yunifásítì, ojú rẹ̀ là, ó ń gba 3.8 títí tó fi jáde. Ká ní gbogbo krẹ́díìtì sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 50, méje ti C wà nínú rẹ̀. GPA sáyẹ́ǹsì rẹ̀ á bọ́ sí 3.55. Ohun tó ṣe nígbà tí kò tíì lè wakọ̀ dáadáa ló fa ìyẹn. Lóòótọ́, iléèwé ìṣègùn mìíràn kì í gba krẹ́díìtì AP dípò Biology tàbí Chemistry tí wọ́n ń béèrè, ọmọ á tún un ṣe tàbí kó ṣe èyí tó ga jù ú lọ. Títún un ṣe sàn ju C tí kò ṣe é pa rẹ́ lọ.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń bá òbí lójijì. Bí ẹ bá pe community college pé ẹ fẹ́ mọ bí ọmọ yín ṣe ń ṣe, wọ́n lè sọ pé àwọn ò lè bá yín sọ ọ́. Òfin FERPA ni. Kété tí ọmọ bá di akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ lórí ìwé rẹ̀ níbẹ̀ wà, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ká bínú, ká ní "èmi ni mo bí i," kò yí i padà. Kí ọmọ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ fún yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tíṣà kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í sì í sáré tẹ̀ lé ọmọ tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ mú syllabus, ìyẹn ìwé ètò kọ́ọ̀sì náà, ẹ wá ọjọ́ méjì síta: ọjọ́ tó lè kúrò nínú kọ́ọ̀sì láìsí àkọsílẹ̀, àti ọjọ́ ìkẹyìn tó lè kúrò pẹ̀lú W (àmì pé ó fi kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀). Ọmọ tó kàn dákẹ́ tí kò lọ mọ́, F ló ń gbà.

Ibi tí ọmọ ń lọ náà ṣe pàtàkì. Yunifásítì ìjọba ní Texas ń gba krẹ́díìtì 42 tó jẹ́ core (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe) láti community college, òfin ọdún 2015 sì ní kí wọ́n máa fún ọmọ tó gba 3 nínú AP ní krẹ́díìtì, àyàfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rí hàn pé kò tó. Ní ìta Texas, ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni kì í gba dual credit tí iléèwé girama ti kà mọ́ ìwé ẹ̀rí ọmọ. Caltech kì í fún AP gan-an ní krẹ́díìtì. Ipò ọmọ ní kíláàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí òfin 1997 tó ń gba àwọn tó wà lókè wọlé tààrà: àwọn ìwọ̀n 5 nínú 100 àkọ́kọ́ ni UT Austin ń gbà báyìí láti ìgbà ìwọ́wé 2026. Bí wọ́n bá ń ṣírò ipò yẹn, àwọn agbègbè kan ń fún máàkì AP ní àfikún tó ju ti dual credit lọ. Ẹ bi counselor, olùdámọ̀ràn iléèwé.

Èrò wa nìyí. Ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì ìjọba ní Texas, kó fi dual credit ṣe English, Government àti History. Kó fi AP ṣe Calculus àti sáyẹ́ǹsì, pàápàá bó bá fẹ́ ṣe dókítà. Ọmọ tó ń gbọ̀n bó bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò, àmọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, á jèrè dual credit jù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, ẹ má kó AP U.S. History lé e lórí lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n bí síbí ti ń gbọ́ ìtàn yẹn láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. (AP wà fún French àti Japanese. Ti Yorùbá kò sí.)

Lẹ́yìn tí ọmọ bá parí girama, ẹ rí i pé ó ní kí community college fi transcript tiwọn ránṣẹ́ sí yunifásítì tó ń lọ. Orúkọ kọ́ọ̀sì máa ń hàn lórí transcript girama, ọ̀pọ̀ á rò pé ó ti parí síbẹ̀, ọmọ á sì jókòó sí ENGL 1301 tó ti ṣe rí.