Ìjà ewédú

Ẹ wá wo ìjà nílé wa ní Mọ́lété lálẹ́ àná! Bàámi, tí ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá lẹ́yìn àìsàn ọkàn, tọ́ ewédú mi wò, wọ́n fajú ro. "Ṣé o gbàgbé iyọ̀ ni?" Mo ní, "Bàámi, ẹ má bínú, dókítà ló ní ká dín in kù."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú aláìsàn ọkàn, ẹ ṣọ́ra fún magí o. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí ìpotíì kan. Ti magí àti búrẹ́dì wà nínú ẹ̀! Iyọ̀ ń dá omi dúró sára, ẹ̀jẹ̀ á ru, iṣẹ́ ọkàn á wá pọ̀ sí i.

Àlùbọ́sà, ata rodo àti irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí ni mo fi ń sebẹ̀ báyìí. Epo díẹ̀. Ẹja tútù ló gba ipò ṣàkì àti ẹran ọlọ́ràá. Àmàlà ṣì wà (ta ló máa gbà á lọ́wọ́ ọmọ Ìbàdàn?), àmọ́ ó ti kéré, gbẹ̀gìrì ló pọ̀.

Bàámi jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń kùn. Wọ́n ti ní káwọn fúnra wọn máa sebẹ̀ tọ̀la.