Omi lẹ̀ ń sìn, ẹja kàn ń gbé inú ẹ̀ ni

Gbogbo ẹni tó bá rí tánkì omi òkun tó wà ní pálọ̀ wa ló máa ń béèrè pé ẹja mélòó ló wà ńbẹ̀ àti pé kí ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ẹja ló kẹ́yìn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí omi yẹn bá ti dáa tó dẹ̀ dúró sójú kan, ẹja àti coral (ẹran òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta bí òdòdó) á máa gbé ìgbé ayé wọn jẹ́jẹ́, àmọ́ tí omi bá ti ń ṣe ségesège, lónìí iyọ̀ ẹ̀ pọ̀, lọ́la ó gbóná, kò sóúnjẹ olówó ńlá tẹ́ẹ lè rà tó máa gbà wọ́n sílẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ omi fún yín dáadáa, nítorí àwọn tó ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé àwọn náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

London ni mò ń gbé. Ẹni tó bá ní kẹ́tù níbí mọ nǹkan funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, bí omi ẹ̀rọ wa ṣe le tó nìyẹn. Òfin Ìlú Ọba tún gbà kí nitrate tó miligíráàmù 50 wà nínú lítà omi mímu kan, ilé-iṣẹ́ omi dẹ̀ máa ń fi phosphate sí i lọ́pọ̀ ibi kí òjé inú páìpù àtijọ́ má baà yọ́ sínú omi. Èèyàn lè mu ún, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nitrate àti phosphate yìí gan-an loúnjẹ algae, tẹ́ẹ bá da omi ẹ̀rọ sí tánkì, kò ní pẹ́ tí ewé omi tó rí bí irun á bo gbogbo òkúta yín. Torí náà ẹ ra ẹ̀rọ RO/DI, òun ló máa sẹ́ gbogbo ẹ̀ kúrò, tẹ́ẹ bá ki mítà TDS, tó ń ka nǹkan tó yọ́ sínú omi, bọ omi tó jáde, 0 ló gbọ́dọ̀ kà. Omi tó ń dà nù níbẹ̀ pọ̀ o, ó lè tó lítà mẹ́ta sí mẹ́rin fún lítà kan tó dáa, èmi ò kí ń jẹ́ kó ṣòfò, òun la fi ń fọ ilé, òun la dẹ̀ ń dà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Iyọ̀ tánkì kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ó ní calcium, ó ní magnesium, ó ní àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn tó wà nínú òkun gan-an. Inú báàkẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa pò ó, kẹ́ẹ fi pọ́ọ̀ǹpù kékeré sí i kó máa yí i fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ẹ wá wò ó, gíráàmù 35 nínú kílò omi kan là ń wá, tí refractometer, ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, á ka bíi 1.026. Àwọn ará ilé ní Èkó máa ń ní ṣé àwọn ò lè lọ bu omi ní bíìṣì ni, òkun ṣá lòkun. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Etí òkun Èkó lomi ọ̀sà ń dà sí, tòun ti gbogbo ìdọ̀tí ìlú, tí òjò bá dẹ̀ ti rọ̀ gidi, iyọ̀ inú omi etíkun yẹn á já wálẹ̀. Èkó tún ní ti ooru àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, níbi tí èmi ti ń fi hítà sí tánkì, ẹ̀yin ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù lẹ máa rà, kẹ́ẹ wá fi pọ́ọ̀ǹpù sórí inverter.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí eléyìí. Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Lójoojúmọ́ ni omi máa ń fà wálẹ̀ díẹ̀ nínú tánkì, gbogbo iyọ̀ tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló dẹ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀, torí náà omi RO lásán lẹ máa fi dí i. Tẹ́ẹ bá ń fi omi iyọ̀ dí i, iyọ̀ á máa gorí iyọ̀ títí coral á fi panu mọ́ tí kò ní là á mọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń bá èèyàn dí i fúnra ẹ̀, ATO ni wọ́n ń pè é, tówó bá kù sílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ ra tánkì, òun ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fi rà, ẹ jẹ́ kí iná aláràbarà dúró ná.

Ní ti tánkì fúnra ẹ̀, èmi fara mọ́ nǹkan bíi lítà 200 fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí omi púpọ̀ kì í tètè yí padà bíi omi kékeré. Lítà omi kan, kílò kan ni, ẹ wá ro òkúta, gíláàsì àti tábìlì mọ́ ọn, ó ti ń lọ sí kílò 300 nìyẹn, tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ má gbé e sí àárín ilé. Hítà kéékèèké méjì sàn ju ńlá kan lọ, torí hítà lè há síbi tó ń gbóná, èyí tó kéré ò ní lágbára àtise gbogbo tánkì kẹ́ẹ tó mọ̀. Ooru omi tó jẹ́ 25 sí 26 °C là ń wá. Wáyà kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ná kó tó gòkè lọ sójú iná, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára ẹ̀ lè kán sílẹ̀. Skimmer náà pọn dandan fún mi. Ìfófòó ló fi ń ṣiṣẹ́, ìdọ̀tí inú omi á lẹ̀ mọ́ ìfófòó yẹn, á gòkè lọ dà sínú ife orí ẹ̀. Ẹ bá mi ṣí ife yẹn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omi dúdú kí kankan, òórùn ẹ̀ ò ṣeé gbé, gbogbo ẹ̀ ló dẹ̀ wà nínú omi tó mọ́ gaara lójú yín yẹn.

Wàyí o, sùúrù. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di ammonia, ammonia dẹ̀ ń pa ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, nitrite náà ṣì léwu, àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, ìyẹn ló ṣeé fara dà. Inú ihò òkúta ni wọ́n ń gbé, wọn ò dẹ̀ kí ń pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kò ní sẹ́ja kankan ńbẹ̀, òkúta lásán lẹ máa máa wò, tẹ́ẹ máa máa kán ammonia díẹ̀ sí i tẹ́ẹ máa máa wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń ta tánkì tó ní kẹ́ẹ gbé ẹja lọ lọ́jọ́ kan náà, ẹ sá fún un. Lẹ́yìn ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan á bo yẹ̀pẹ̀ àti gíláàsì, diatom ni, irú algae kékeré kan, ẹ má da kẹ́míkà kankan sí i, á lọ fúnra ẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ lè gbé ìgbín Trochus wọlé kó máa bá yín lá a. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín ń gun igi, bó ṣe ń gun gíláàsì náà nìyẹn, ojú ọ̀nà tó bá gbà á mọ́ tónítóní.

Coral kì í ṣe òdòdó, ẹran ni. Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, egungun irú ẹ̀ kan láti òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Algae kan wà nínú ẹran ara àwọn tí à ń sìn yìí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún wọn, tí omi bá gbóná jù wọ́n á lé e jáde, wọ́n á wá funfun báláú. Inú omi ni wọ́n ti ń fa nǹkan tí wọ́n fi ń kọ́ egungun, èmi máa ń jẹ́ kí alkalinity (agbára tí omi ní tí ásíìdì ò fi ní tètè yí i padà) wà ní 8 sí 9 lórí ìwọ̀n dKH, calcium bíi miligíráàmù 420 nínú lítà kan, magnesium bíi 1300. Ẹ má máa lé nọ́ńbà kiri. Alkalinity 7.5 tó dúró sójú kan lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ sàn ju 9 lónìí 7 lọ́la. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn pẹ̀lú, hammer coral tó ń jó jẹ́jẹ́ lọ́sàn-án yẹn, lálẹ́ ó máa ń na ọwọ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ẹni tó bá kàn á ta á.

Ẹja tí mo fẹ́ràn jù ni clownfish, ẹ ra èyí tí wọ́n bí nínú tánkì. Méjì péré. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ló máa di ìyàwó, tí ìyàwó yẹn bá kú, ọkọ ẹ̀ á di obìnrin. Iṣẹ́ Ọlọ́run ga.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn coral tó ń jẹ́ zoanthid àti Palythoa o. Wọ́n rẹwà, àwọn kan nínú wọn dẹ̀ ní májèlé tó ń jẹ́ palytoxin. Lọ́dún 2018 ní Steventon, ní Oxfordshire, ìdílé kan dèrò ọsibítù lẹ́yìn tí wọ́n fọ tánkì wọn, àwọn panápaná tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ náà dèrò ọsibítù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi gíláàsì bo ojú, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n lórí òkúta, ẹ má da omi gbígbóná lé wọn, ẹ má sì se òkúta wọn láéláé.

Tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ò pọ̀. Ní Sátidé èmi máa ń pààrọ̀ omi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá, màá nu gíláàsì, màá fọ ife skimmer, màá wọn alkalinity, ó parí. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ coral, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò lágídí bíi mushroom tàbí green star polyp, kẹ́ẹ fi star polyp yẹn sórí òkúta tó dá dúró torí ó máa ń tàn ká ibi gbogbo. Tèmi ti kún débi pé mo ń gé e fún èèyàn, ẹni tó bá wà nítòsí London tí tánkì ẹ̀ ti setán kó bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni, kó ṣáà mú ike onídèérí dání.