Ayálándì wọ ẹgbẹ́ àgbà: ohun tí mo rí ní Malahide, ohun tí bàbá mi sọ ní Abẹ́òkúta

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2017, ICC, àjọ tó ń darí kríkẹ́ẹ̀tì (eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi báàtì gbá) lágbàáyé, ṣèpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gba Ayálándì àti Afghanistan gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún. Ikọ̀ mẹ́wàá péré ló wà nínú ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Bangladesh ló wọlé kẹ́yìn, lọ́dún 2000, kò sì sí ẹlòmíì tó tún rọ́nà wọlé fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló láṣẹ láti gbá Test, kríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún tí àwọn tó mọ eré náà dunjú kà sí bàbá gbogbo rẹ̀.

Balbriggan ni mò ń gbé nígbà yẹn, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ìlú létí òkun ni, ní àríwá Dublin, àwa ọmọ Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé mo sábà máa ń gbọ́ “ẹ kú iṣẹ́” lójú pópó kí n tó délé. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń bá wọ aṣọ láàárọ̀, ọmọ àgbẹ̀ ni, ó sì ti gbá kríkẹ́ẹ̀tì nígbà èwe rẹ̀. Òun ló pè mí sídìí rédíò lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó wà nínú ẹkún yẹn. GAA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí eré ìbílẹ̀ Ayálándì, ní òfin kan láyé àtijọ́: ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbá eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tó lọ wòran rẹ̀ pàápàá, wọ́n lè lé e. Kríkẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn eré náà. Ọdún 1971 ni wọ́n tó fagi lé òfin yẹn. Ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ gàba lé lórí ni, kò yani lẹ́nu pé wọ́n bínú sí eré rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Skerries, Rush àti Balbriggan kò fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á sì lọ sí pápá. Bàbá yẹn máa ń sọ fún mi pé àwọn èèyàn ìgboro á máa wo àwọn bí ọ̀dàlẹ̀. Ó sì máa ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1969 bí ẹni pé àná ni, ọjọ́ tí Ayálándì lé gbogbo ikọ̀ West Indies, ikọ̀ àwọn erékùṣù Caribbean, jáde lórí run 25 péré (run ni àmì ayò nínú kríkẹ́ẹ̀tì) ní abúlé Sion Mills.

Eré náà wà nílẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó kà wọ́n sí. Ìgbà tí wọ́n lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní West Indies lọ́dún 2007 ni etí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí wọn: wọ́n na Pakistan ní Kingston lọ́jọ́ Patrick Mímọ́, tí gbogbo Ayálándì ń ṣọdún. Lọ́dún 2011, ní Bangalore, England gba run 327, Kevin O'Brien sì fi bọ́ọ̀lù 50 péré pé ọgọ́rùn-ún run, kò sí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje ife àgbáyé títí di ọjọ́ yẹn. Ayálándì borí. Lẹ́yìn gbogbo èyí náà, wọn ò tíì lè gbá Test.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára nìyí. Ọmọ tó bá mọ eré náà gan-an, tó sì fẹ́ dé òkè téńté, àfi kó lọ gbá fún England. Ed Joyce lọ. Ìdíje àkọ́kọ́ tó gbá fún England lọ́dún 2006, Ayálándì ni wọ́n kò, ní Belfast. Eoin Morgan, ọmọ tó dàgbà ní Rush, tí kò jìnnà sí ilé mi rárá, wà pẹ̀lú Ayálándì ní 2007. Nígbà tó fi máa di 2009, ó ti wọ aṣọ England, òun náà ló sì di balógun ikọ̀ England tó gba ife àgbáyé lọ́dún 2019. Boyd Rankin lọ, ó sì gbá Test kan fún England ní Sydney ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. Àwọn ará ilé kò bá wọn jà. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ọmọ ń wá kò sí nílé. Èmi tí mo fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ nítorí iṣẹ́, ta ni màá fẹnu bá wí nínú wọn?

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Malahide, nítòsí Dublin, ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, nígbà tí Ayálándì gbá Test àkọ́kọ́ wọn pẹ̀lú Pakistan. Òjò fi gbogbo ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣòfò, wọn ò ju bọ́ọ̀lù kankan. Lọ́jọ́ kejì, Rankin ló gba wicket àkọ́kọ́ nínú ìtàn Test Ayálándì, ìyẹn ni pé òun ló kọ́kọ́ lé ẹni tó ń gbá báàtì jáde. Joyce náà wà lórí pápá, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, Test kan ṣoṣo tó gbá láyé rẹ̀ nìyẹn. Àjò ò dùn kónílé má rèlé. Àwọn méjèèjì ti lọ, wọ́n sì ti padà, ìlú wọn wá ní ohun tí wọ́n ń wá kiri.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti bọ̀, mi ò tíì fojú kan oorun. Ayálándì ti gba run 130 péré nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá báàtì, Pakistan tó ti fi wọ́n sẹ́yìn jìnnà sì ní kí wọ́n tún lọ gbá báàtì lójú ẹsẹ̀. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí. Kevin O'Brien dúró. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, gbogbo pápá dìde, àti àwọn ọmọ Pakistan tó ń gbé Dublin, tí wọ́n ti ń lu ìlù fún ìlú wọn láti àárọ̀. Mo rí àwọn arúgbó tí wọ́n gbá ara wọn mọ́ra. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 118, Pakistan ló sì borí lọ́jọ́ kejì ọjọ́ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó kúrò ní Malahide pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n nà.

Mo ti wà nílé ní Abẹ́òkúta láti bí ọjọ́ mélòó kan, ní Ìjẹmọ̀, níbi tí bàbá mi kọ́lé sí. Mo fi fídíò Malahide hàn wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Àǹtí mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ìbéèrè aṣọ ló kọ́kọ́ bi mí: “Aṣọ funfun, ọjọ́ márùn-ún, lórí koríko? Ta ló ń bá wọn fọ̀ ọ́?” Ìbéèrè bàbá mi yàtọ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé ipò tí wọ́n fún Ayálándì yìí dáadáa: ta ló fún wọn, ṣé ìwé ni, ta ló sì lè gbà á padà?

Mo ṣàlàyé. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: “Àwa Ẹ̀gbá náà ti gba irú rẹ̀ rí. Gẹ̀ẹ́sì bá wa tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 1893 pé òmìnira wa wà lọ́wọ́ wa. A ní ìjọba tiwa, a ní kóòtù tiwa, a ń gba owó ibodè tiwa. Ní 1914, àwọn sójà wọn yìnbọn pa àwọn èèyàn wa ní Ìjẹmọ̀ níhìn-ín. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìwé náà fi di asán.”

Ẹni tó bá dàgbà ní àdúgbò wa ti gbọ́ ìtàn yẹn. Àmọ́ mi ò gbọ́ ọ báyìí rí, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí mo gbàgbọ́. Mo sọ òótọ́ fún un: ICC lè gba nǹkan padà. Wọ́n dá Zimbabwe dúró ní oṣù keje ọdún 2019 nítorí pé ìjọba tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ kríkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó dá wọn padà lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Wọ́n dá Sri Lanka náà dúró ní 2023. Ipò náà sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹ wo Tim Murtagh: Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ìran Ayálándì ni. Lọ́dún 2019, ní Lord's, pápá tí ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní England ń lò, ó gba wicket márùn-ún, run 13 péré ni wọ́n sì rí lára bọ́ọ̀lù rẹ̀, England sì jáde lórí 85 kí oúnjẹ ọ̀sán tó débẹ̀. (Àwọn Ayálándì náà padà jáde lórí 38, wọ́n sì fìdí rẹmi, ó ṣì ń dùn mí.) Kí ọdún yẹn tó parí, Murtagh fi ikọ̀ Ayálándì sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ilé ni wọ́n ka agbá-kríkẹ́ẹ̀tì Ayálándì sí nínú àwọn ẹgbẹ́ England. Bí Ayálándì ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún, wọ́n di àlejò, kálukú sì ní láti yan ọ̀kan: iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ, tàbí ìlú rẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Ẹni tó joyè gbọ́dọ̀ lówó ìwúyè. Ayálándì kò ní pápá tó ní ìjókòó tirẹ̀ fún Test, wọ́n ní láti gbé ìjókòó wá kí wọ́n tún kó o lọ. Láti Lord's ní 2019 títí di oṣù kẹrin ọdún 2023, wọn ò gbá Test kankan. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n ń fìdí rẹmi ṣáá, méje ni wọ́n fi pàdánù lápapọ̀ kí wọ́n tó borí. Afghanistan, ẹni tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, ni wọ́n kọ́kọ́ nà, ní Abu Dhabi ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2024. Lẹ́yìn náà wọ́n na Zimbabwe ní Belfast ní oṣù keje, wọ́n sì tún lọ nà wọ́n nílé wọn ní Bulawayo ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Bàbá mi gbọ́ èyí, ó mi orí. “Ó dáa,” ó ní. “Wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn dì í mú.”

Ohun tí àǹtí mi bínú sí jù ni ti àwọn obìnrin Afghanistan. Lọ́dún 2020, àjọ wọn fún obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìwé iṣẹ́ láti máa gbá kríkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Taliban gba ìjọba ní 2021, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ sí Australia. Àwọn ọkùnrin ṣì ń gbá Test, ipò ìlú náà ò yẹ̀, àwọn obìnrin kò ní ikọ̀ tí wọ́n ń gbá fún nílé. Àǹtí mi ní ipò wo nìyẹn, tó fi ìdajì ọmọ ilé síta? Mi ò ní ìdáhùn tí mo lè fún un, mo sì gbà pé ó yẹ kí ICC ní.

Tiwa ńkọ́? Nàìjíríà ti wà nínú ICC láti 2002, àmọ́ ní ipò kejì. Àwọn ọmọbìnrin wa tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní Malaysia, Lucky Piety ni balógun wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n na New Zealand ní Kuching, 65 sí 63. New Zealand, tó ti ń gbá Test láti ọdún 1930! Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí mo rí i lórí fóònù, mo sì ní láti jáde sí ìta kí n tó kígbe. Ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ní Abẹ́òkúta, kò sí ọ̀kan tó ti gbọ́. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Àsero, bí mo ṣe ń sọ fún ẹ̀yin tó ń ka èyí báyìí, pé ẹni tó bá ní pápá ilé ìwé lọ́wọ́ kó fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún un. Màá kó báàtì àti bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Pápá pọ̀ ní Abẹ́òkúta, ọmọ tó lè jùkò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì ní Balbriggan, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọmọ àgbẹ̀ wọ̀nyẹn. Ajùbọ́ọ̀lù ni wọ́n fi í ṣe, ó sì ń yára. Ní alẹ́ àná, ó pè wá lórí fóònù, bàbá mi sì bi í pé tó bá tó gẹ́ẹ́, ta ló máa gbá fún, Ayálándì tàbí Nàìjíríà? Ọmọ náà ní, “Bàbá àgbà, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè mí ni.” Bàbá wojú mi. Mi ò ní fi agbára mú un. Ayálándì ti rí i dájú pé kò ní láti lọ sí England kí ó tó dé òkè. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ náà, kí ọ̀rọ̀ yìí lè le fún un gan-an lọ́jọ́ tí yóò yàn.