Mo pa fáìlì náà rẹ́, síbẹ̀ owó mi lọ

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe l'Ákùrẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí FUTA. Bitcoin Core, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì (àpò owó), ni mo fi ń tọ́jú bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mò ń rà díẹ̀díẹ̀. Inú fáìlì kan ṣoṣo, wallet.dat, ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ owó náà wà, ẹni tó bá ní wọn ló lè ná an. Mo fi pásíwọ́ọ̀dù tì í lóòótọ́, àmọ́ orúkọ ọmọ mi àti ọdún tí a bí i ni mo lò.

Nígbà tí láptọ́ọ̀pù mi fẹ́ kú, mo di gbogbo fóódà mi pọ̀ di backup.zip, wallet.dat náà wà nínú rẹ̀, mo gbé e sórí ìkànnì tí mo ṣe fún ìyá olóúnjẹ kan nítòsí Ọjà Ọba, kí n lè rí i gbà sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Mo gbà á tán, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni backup.zip yìí? Orúkọ ìkànnì màmá ni mo tẹ̀ sí Google, òun ló gbé wá."

Àyà mi là gààrà. Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù wọ́lẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ sùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì: ìlà kan wà níbẹ̀ pé mo fi owó ránṣẹ́, èmi ò sì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Òdo ló kù. Kò sí báńkì tí a ó sáré lọ bá.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù tí mo pààrọ̀, ẹ̀dà ọwọ́ mi nìkan ló kàn. Ẹ̀dà tó ti jáde ṣì ń fi ti àtijọ́ ṣí, kọ́kọ́rọ́ inú méjèèjì ò sì yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá ti gé irú kọ́kọ́rọ́ ilé yín, tí ẹ wá ra àpótí tuntun fún tiyín, ṣé ilẹ̀kùn ti yí padà ni? Ohun tó yẹ kí n ṣe lóru ọjọ́ yẹn ni pé kí n ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí n kó gbogbo owó náà síbẹ̀, èyí tó bá gbà kó gbà.

Ní báyìí, fláàṣì méjì ni ẹ̀dà mi wà, ọ̀kan nílé, èkejì nínú àpótí ìyá mi l'Óńdó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù, ẹ má ya ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí ó fún yín láti fi gba owó yín padà ní fọ́tò, torí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń gbé fọ́tò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Bíró ni kí ẹ fi kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹni tó bá sì ti gbé tirẹ̀ síta rí, ì báà jẹ́ wákàtí kan, kó kó owó rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lónìí, kó tó ronú àtipa fáìlì rẹ́.