Ewé kan, ìrì kan: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ́ Inkscape

Ọjọ́ kìíní

Àwòrán tí mo fẹ́ yà kò pọ̀: ewé kan lóru, ẹ̀kán ìrì lórí rẹ̀, òdòdó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lókè. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi pẹ́ńsù ya irú rẹ̀ sórí bébà. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi ṣe é, nínú Inkscape, ètò kan tí a fi ń ya àwòrán fẹ́kítọ̀, kí n lè sọ ọ́ di ńlá bó ṣe wù mí láìjẹ́ pé etí rẹ̀ fọ́.

Fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan irú iṣẹ́ yìí: fọ́tò jẹ́ àkójọ àwọn àmì àwọ̀ tín-tìn-tín (píksẹ́lì ni wọ́n ń pè wọ́n) tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń rí págunpàgun bí a bá fẹ̀ ẹ́ jù. Ti fẹ́kítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́ni ló wà nínú rẹ̀: bẹ̀rẹ̀ níbí, tẹ̀ sọ́tùn-ún, dúró lọ́hùn-ún, fi àwọ̀ báyìí kún inú. Kọ̀ǹpútà á sì tún un yà lákọ̀tun nígbàkigbà tí a bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. SVG ni irú fáìlì tí Inkscape ń lò, ó ti di ìlànà gbogbogbò láti ọdún 2001. Inkscape fúnra rẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún 2003 ni àwọn tó ṣe é yà kúrò lára ètò kan tó ń jẹ́ Sodipodi. Ẹ̀dà 1.0 jáde ní 2020, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀lé e ni mo ń lò.

Mo tẹ P, pẹ́ńsù yọ, mo sì fi máòsì ya ewé mi bí mo ṣe máa ń yà á lórí bébà. Ó burú. Etí rẹ̀ ń gbọ̀n láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí mo tẹ N láti wo àwọn kókó tó wà lára ìlà náà, ó lé ní ọgọ́ta. Kókó ni mo ń pe àwọn ojú kéékèèké tí ìlà ń gbà kọjá. A lè fi máòsì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sún wọn síbi tó yẹ. Bí mo bá sún ọ̀kan kí etí ewé lè dán, òmíràn á wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbìyànjú Ctrl+L, tó máa ń dín kókó kù, etí ewé sì dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pa á rẹ́. Mo lọ sùn.

Ọjọ́ kejì

Ewé ti jáde! Mi ò sì fọwọ́ ya ìlà kankan.

Ẹ tẹ E láti mú irinṣẹ́ òbìrìkìtì. Ẹ di Ctrl mú bí ẹ ṣe ń fà á, kí ó má baà di ẹyin. Mo ṣe èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 400 píksẹ́lì, mo tẹ Ctrl+D, èyí tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lé e lórí gan-an, mo sì sún ẹ̀dà náà sápá ọ̀tún ní 240. Ibi tí àwọn méjèèjì ti bo ara wọn ti rí bí ewé lójú ara rẹ̀, ó gún ní ṣóńṣó méjèèjì. Mo yan àwọn méjèèjì, mo lọ sí àtòjọ Path, mo tẹ Intersection. Gbogbo ohun tó wà níta lọ, ewé nìkan ló kù. Fífẹ̀ rẹ̀ 160, gíga rẹ̀ 320, ìlọ́po méjì géérégé. Bí mo bá sún ẹ̀dà yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé á tín-ín-rín. Bí mo bá sún un díẹ̀, á sanra.

Mo tẹ N, mo ka kókó. Mẹ́rin péré! Ọ̀kan ní ṣóńṣó òkè, ọ̀kan ní ti ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní ìbàdí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo rántí ọgọ́ta ti àná, inú mi dùn débi pé mo ṣe ewé mẹ́fà míì láìnídìí.

Òye tó yé mi lónìí ni pé iṣẹ́ yìí jọ iṣẹ́ agbẹ́gilére ju iṣẹ́ ayàwòrán lọ. Ohun tó wà nílẹ̀ ni a ń gbẹ́. Òbìrìkìtì àti onígun mẹ́rin ni igi wa, àwọn bíi Union, Difference àti Intersection ni àáké. Union máa ń so méjì pọ̀ di ọ̀kan, Difference máa ń fi ti òkè gé ti ìsàlẹ̀, Intersection máa ń fi ibi tí wọ́n ti pàdé sílẹ̀. Láti ọjọ́ òní, kí n tó ya ohunkóhun, mo fẹ́ kọ́kọ́ bi ara mi pé òbìrìkìtì mélòó ló fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Òṣùpá wá rọrùn: òbìrìkìtì 300, ẹ̀dà rẹ̀ tí mo sún díẹ̀ sókè sápá kan, Ctrl àti àmì ìyọkúrò (Difference nìyẹn), ó parí. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí a fiyè sí ni èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù, àwọ̀ tirẹ̀ náà sì ni àṣẹ́kù ń wọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ti gbé wọn ṣe òdì, òṣùpá mi kọjú sí ibi tí mi ò fẹ́, ó sì pupa, nítorí pé mo kun ẹ̀dà náà ní pupa kí n lè rí i dáadáa. Bọ́tìnì End máa ń gbé nǹkan lọ sísàlẹ̀ pátápátá, Home á gbé e wá sókè.

Ọjọ́ kẹta

Òdòdó. Mo fi ọ̀nà ewé ṣe pẹ́tálì kan, ìyẹn ewé ara òdòdó. Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọfà tí a fi ń yí nǹkan yọ sí igun rẹ̀, àgbélébùú kékeré kan sì wà láàárín. Àgbélébùú yẹn ni nǹkan máa ń yí ká. Mo fà á sílẹ̀ dé ṣóńṣó ìsàlẹ̀ pẹ́tálì. Ctrl+D, mo di Ctrl mú, mo yí i. Ctrl máa ń jẹ́ kí ó yí ní ìwọ̀n dígírì 15 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìgbésẹ̀ mẹ́ta jẹ́ 45, pẹ́tálì mẹ́jọ sì yí òbìrìkìtì ká láìkù síbì kan. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń mú àgbélébùú rẹ̀ lọ́wọ́ wá, n kò ní láti tún un gbé.

Irinṣẹ́ ìràwọ̀ náà lè ṣe òdòdó bí a bá fi kún Rounded rẹ̀. Ó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀yọ kan ni gbogbo rẹ̀ á jẹ́, n kò sì ní lè fún pẹ́tálì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Mo fi ti èmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún

Iṣan ara ewé gbà mí ní odindi ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn iṣan náà jẹ́ ihò gidi, kí òkùnkùn ẹ̀yìn lè hàn gba inú wọn. Mo tẹ B, mo ya ìlà kan tó tẹ̀ díẹ̀ láti àárín lọ sí etí, mo fún un ní ìnípọn 4 píksẹ́lì, mo yan òun àti ewé, mo tẹ Difference. Dípò iṣan, ó gé ibi tó dà bí òṣùpá kúrò lára ewé mi.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó yé mi. Lójú Inkscape, ìnípọn ìlà kì í ṣe ara ìlà, aṣọ tí ìlà wọ̀ ni. Nígbà tí mo ní kí ó fi ìlà gé ewé, kò ka aṣọ náà sí rárá. Ńṣe ló so ìbẹ̀rẹ̀ ìlà mọ́ ìparí rẹ̀, ó sì gé gbogbo ohun tó wà láàárín. Ojútùú rẹ̀ ni Stroke to Path, Ctrl+Alt+C, èyí tó máa ń sọ aṣọ yẹn di ara. Lẹ́yìn èyí, Difference gé iṣan náà ní ìwọ̀n tí mo fẹ́.

Ohun kan náà ló fa ìṣòro tí mo rí nígbà tí mo fẹ ewé ní ìlọ́po mẹ́ta: àwọn iṣan tí n kò tíì yí padà ṣì wà ní píksẹ́lì 4, wọ́n wá tín-ín-rín bí irun. Bọ́tìnì kan wà lókè tó ń pinnu bóyá ìnípọn ìlà á máa dàgbà pẹ̀lú àwòrán tàbí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fẹ ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹjọ

Ìrì. Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nìyí.

Mo kọ́kọ́ ṣe òbìrìkìtì, mo sọ ọ́ di ìlà pẹ̀lú Shift+Ctrl+C, mo fa kókó òkè rẹ̀ sókè, mo sì tẹ Shift+C kí ó lè gún. Kókó kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ méjì tó yọ síta, àwọn ọwọ́ yìí ló ń darí bí ìlà ṣe ń tẹ̀. Bézier ni wọ́n ń pe irú ìlà yìí, orúkọ Pierre Bézier, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Renault ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó lò ó fún yíya ara ọkọ̀. Paul de Casteljau ti ń ṣe ìṣirò kan náà ní Citroën láti 1959, ṣùgbọ́n inú ilé iṣẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà ní ìpamọ́, orúkọ Bézier ló wá mọ́ ọn lára. Ó máa ń wú mi lórí pé ọ̀nà tí wọ́n fi ya ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà náà ni mo fi ń ya omi báyìí.

Ẹ̀kán omi náà dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sórí ewé, kò jókòó. Mo jáde lọ wo ewé gidi ní àárọ̀ kùtù. Ìrì tó jókòó sórí ewé kì í gún rárá, ó rí róbótó, ó sì wú bí ojú. Èyí tó fẹ́ já bọ́ ló máa ń gún lókè. Mo gbé ti èmi lọ sí ṣóńṣó ewé kó máa rọ̀ níbẹ̀, mo sì ṣe òbìrìkìtì tuntun fún orí ewé.

Mo tún rí nǹkan míì láàárọ̀ yẹn. Mo ti rò pé ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé ló yẹ kí ó mọ́lẹ̀ jù lára ìrì. Òdìkejì ni. Omi máa ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ bí awò, á gbé e gba inú rẹ̀ kọjá, á sì tú u sílẹ̀ ní apá kejì. Ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ ló ṣókùnkùn, àfi ojú funfun kékeré kan tó ń tàn níbẹ̀. Òjìji ìrì náà sì ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láàárín rẹ̀.

Bí mo ṣe tò ó nìyí, láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Òjìji: ẹ̀dà òbìrìkìtì ní àwọ̀ ewé tó ṣú, mo sún un kúrò níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, mo gbé Blur (tó ń mú etí nǹkan rọ̀) sí 8, Opacity (bí nǹkan ṣe hàn tó) sí 50. Lórí òjìji, àmì kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ní Blur tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara ìrì: mo tẹ G, mo sì fa gradient, àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ di òmíràn, láti ẹ̀gbẹ́ ìmọ́lẹ̀ sí òdìkejì, àwọ̀ ewé tó ṣú níbẹ̀rẹ̀, èyí tó mọ́ ní ìparí. N kò fún ìrì ní àwọ̀ búlúù. Omi kò ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń fi hàn. Lókè pátápátá, ojú funfun.

Ojú funfun yẹn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Mo fẹ́ kí ó lọ láti funfun sí àìhàn, ṣùgbọ́n eérú ń hàn láàárín rẹ̀, bíi gíláàsì tó dọ̀tí. Mo wo inú gradient náà. Dúdú ni mo fi sí ìparí kí n tó sọ ọ́ di àìhàn. Bí kò tilẹ̀ hàn, àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣì ń pò mọ́ funfun lójú ọ̀nà. Mo yí ìparí náà sí funfun tí kò hàn, eérú lọ.

Òjìji náà tún ṣàn jáde kọjá etí ewé sójú ọ̀run. Mo ṣe ẹ̀dà ewé, mo gbé e lé òjìji lórí, mo yan méjèèjì, Object, Clip, Set Clip. Òjìji wá dúró sínú ewé.

Ọjọ́ kẹwàá

Mo to gbogbo rẹ̀ pọ̀ lónìí, mo sì rí i pé òṣùpá wà lápá ọ̀tún, ojú funfun ìrì wà lápá òsì. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ibi tí kò sí àtùpà wá. Mo kó ìrì àti òjìji rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú Ctrl+G, mo tẹ H, gbogbo rẹ̀ yí padà bíi ti inú dígí, gradient àti òjìji pẹ̀lú. Mo fi ẹ̀dà òṣùpá kan sẹ́yìn òṣùpá, mo fún un ní Blur púpọ̀, ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yí i ká. Blur yìí máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mi wúwo, mo fi sílẹ̀ di ìkẹyìn nítorí ẹ̀.

Mo gbé àwòrán náà jáde ní PNG, irú fáìlì oní-píksẹ́lì bíi ti fọ́tò, lẹ́ẹ̀mejì, fífẹ̀ píksẹ́lì 1080 àti 4000. Mo ṣí ti 4000, mo sún mọ́ ṣóńṣó ewé níbi tí ẹ̀kán omi ti ń rọ̀. Etí rẹ̀ dán. Ó ku òdòdó, tí pẹ́tálì rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣì ní àwọ̀ kan náà. Lọ́la, mo máa fi gradient sí èyí tó kọjú sí òṣùpá.